Owó Họ́láǹdì tí mo bá nínú àpótí bàbá mi: ṣé ó ṣì ń ná?

ỌmọÌjẹ̀bú | Sátidé, 9:12 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìmọ́jú o.

Bàbá mi pa ipò dà lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ láyà láti ṣí àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọkọ̀ òkun ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ nígbà ayé wọn, ọ̀rọ̀ Rotterdam kì í sì í kúrò lẹ́nu wọn. Lábẹ́ ìwé ilẹ̀ àti àwọn fọ́tò àtijọ́ ni mo ti rí àpòòwé búráùn kan. Owó bébà ló wà nínú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí èyí tí wọ́n gbà ní báńkì lánàá. 250 kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ elésè àlùkò, tí wọ́n ya ilé iná etí òkun sí. 100 kan, 50 méjì tó ní òdòdó sunflower ràgàjì, 25 mẹ́ta, 10 ẹyọ kan. Mo ṣírò rẹ̀, 535 ni gbogbo rẹ̀. Gulden ni wọ́n kọ sára wọn.

Ìlà àti igun lásán ló wà lójú 100 yẹn. Àfìgbà tí mo gbé e sójú fèrèsé kí n fi wò ó bóyá ayédèrú ni, ni òjìji òwìwí yọ sí mi látinú bébà. Màmá mi rí i láti ẹ̀yìn mi, wọ́n ní kí n gbé e jáde nílé kíá.

Agolo mílíìkì kan tún wà tó kún fún owó ẹyọ. Bí ẹ bá fi ìka pa etí àwọn tó tóbi níbẹ̀, ẹ ó kan lẹ́tà: GOD ZIJ MET ONS, ìyẹn «kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa».

Ẹnìkan ti ní kí n kó o lọ fún àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ládùúgbò. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín ná.

Aláròyé | Sátidé, 9:20 àárọ̀

Owó tó ti kú láti 2002! Fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ṣeré ọjà.

Àǹtí_Zuidoost | Sátidé, 9:47 àárọ̀

Aláròyé, ṣe sùúrù ná, má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Má gbé owó yẹn fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò o. Òun ni à ń pè ní gúlídà nílé. Lóòótọ́, láti ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2002, o ò lè fi ra búrẹ́dì mọ́. Ṣùgbọ́n báńkì àpapọ̀ wọn, De Nederlandsche Bank, tí gbogbo èèyàn ń pè ní DNB, ṣì ń gba bébà rẹ̀, wọ́n á sì máa gbà á títí di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2032. Wọn kì í yọ nǹkan kan lórí rẹ̀. O lè mú un lọ fúnra rẹ ní Amsterdam, o sì lè fi ránṣẹ́.

Agolo mílíìkì ni kò sí ohun tí a lè ṣe sí. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2007 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó ẹyọ. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì nígbà náà nìyẹn. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ fi owó pamọ́ de ọmọ, ohun tó ń dún kànkàn ni yóò kó jọ. Níbí, irin ló kọ́kọ́ kú, bébà ṣì wà láyé.

Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: ṣé De Nederlandsche Bank ni wọ́n kọ sára wọn? Èyí tí wọ́n ti kó kúrò nílẹ̀ kí yúrò, owó àjùmọ̀ná Yúróòpù tó rọ́pò gúlídà, tó dé ní gbèdéke tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tí o kà sílẹ̀ yìí, ara àwọn tó kẹ́yìn ni wọ́n.

ỌmọÌjẹ̀bú | Sátidé, 10:05 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí mi. Bẹ́ẹ̀ ni, De Nederlandsche Bank ló wà lára gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní gúlídà méjì ni yúrò kan, nítorí náà yúrò 267 àti ààbọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti ń pín in láàárín ara wọn lórí WhatsApp.

Jagun010 | Sátidé, 10:31 àárọ̀

Sọ fún wọn kí wọ́n dá ìpín dúró. Yúrò 242 àti sẹ́ǹtì 77 ni.

Kì í ṣe méjì géérégé. 2.20371 gúlídà ni yúrò kan. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1998 ni wọ́n fi ìdí iye yẹn múlẹ̀, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e kù nídìí ìṣírò. Ọjọ́ kejì, 1 oṣù Kìíní 1999, ni yúrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ìwé báńkì. Fún ọdún mẹ́ta gbáko tí gúlídà tún fi wà lápò àwọn èèyàn, yúrò ti wọ aṣọ gúlídà, a kò mọ̀ ni.

«Pín in sí méjì» tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ yẹn, gbogbo Họ́láǹdì ló ń ṣe é. Yúrò 24 àti sẹ́ǹtì 73 ló fi fò kúrò lápò yín láàárọ̀ yìí. Àìmọye àríyànjiyàn ni àléébù yẹn dá sílẹ̀ níbí.

Ṣadé_Delft | Sátidé, 11:18 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin àgbà. Ìwé ni mo wá kà síbí, wọn ò tíì bí mi nígbà tí gúlídà ń ná. Àwọn onílẹ̀ tó jẹ́ àgbàlagbà níbi iṣẹ́ mi ṣì ń sọ pé «ní owó àtijọ́, iye báyìí nìyẹn». Báwo ló ṣe rí gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n yí i padà? Ṣé ẹ kàn jí ní àárọ̀ ni?

Àǹtí_Zuidoost | Sátidé, 1:40 ọ̀sán

Ṣadé, jẹ́ kí n gbé ìkòkò kalẹ̀ kí n tó dáhùn.

1993 ni mo dé Bijlmer, àdúgbò wa ní Amsterdam. Oṣù Kejìlá 2001 ni ariwo náà wá dé góńgó. Ìjọba fún gbogbo ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 6 ní àpò kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ẹyọ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, láti sẹ́ǹtì 1 títí dé yúrò 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rò ó pọ̀, yúrò 3.88. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 7, ó gba tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, àwọn ará òkè gbọ́. Mo ní láti lọ fi gúlídà 25 ra àpò tó tóbi jù ú lọ, yúrò 11.35 ló wà nínú ìyẹn, kí ilé tó rójú.

Lóru ọdún tuntun, bí èéfín báńgà ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn fúláàtì, èèyàn ti tò sídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Òtútù ń mú, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọlé. Ìyá ará Ghana kan ló wà níwájú mi. Bí owó rẹ̀ ṣe jáde, ó gbé e símú, ó fà á, ó ní: «Kò rùn bí owó.» Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré la fi ná méjèèjì pọ̀. O lè fi gúlídà sanwó, yúrò ni wọ́n á fi fún ọ ní ṣéńjì. Àwọn ọmọ tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, mo káàánú wọn. Dúráwà méjì, ẹ̀rọ ìṣírò lọ́wọ́, ìlà èèyàn gùn dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe nígbà náà ní ọ́fíìsì kan, ẹ̀rọ kọfí tó wà níbẹ̀ kò gbà ju kwartje lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti kó kwartje wọn lọ sí báńkì. Èmi tí mo ní díẹ̀ nínú ike nílé ni mo di báńkì wọn.

Kẹ̀kẹ́ ìrajà náà ńkọ́? Gúlídà kan la máa ń tì bọ ẹnu rẹ̀ kó tó tú sílẹ̀. Sẹ́ǹtì 50 ti yúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó o, òun la fi rọ́pò rẹ̀. Gúlídà kan kò ju sẹ́ǹtì 45 lọ, nítorí náà àwọn ọlọ́gbọ́n fi gúlídà wọn pamọ́ sínú mọ́tò fún kẹ̀kẹ́ ìrajà. Mo ṣì ní ọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ mi.

ỌmọÌjẹ̀bú | Sátidé, 1:52 ọ̀sán

Kwartje ni kí ni, àǹtí?

Àǹtí_Zuidoost | Sátidé, 2:10 ọ̀sán

Sẹ́ǹtì 25 ti gúlídà. Stuiver ni sẹ́ǹtì 5, dubbeltje ni 10, òun ló kéré jù lójú. Rijksdaalder ni gúlídà méjì ààbọ̀, àwọn ará ọjà ń pè é ní knaak. Bébà náà ní orúkọ ìgboro tirẹ̀: 10 ń jẹ́ joet, 25 ń jẹ́ geeltje, 100 ń jẹ́ meier, 1000 ń jẹ́ rooie rug, ìyẹn ẹ̀yìn pupa. Tí o bá dé ọjà tí o kò gbọ́ orúkọ wọ̀nyí, wọ́n á ti mọ̀ pé àlejò ni ọ́.

Yúrò kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Orúkọ àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu wọn. Ẹni tí wọ́n bí fún dubbeltje kò lè di kwartje láéláé, wọ́n ń pa á lówe fún ọmọ tí kò fọwọ́ kan ọ̀kankan rí.

BàbáTáyé | Sátidé, 3:33 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń kà á láti àárọ̀ ni, n kò fẹ́ dá sí i.

«Pín in sí méjì» yẹn ló mú mi sọ̀rọ̀. A ti ṣe é níhìn-ín. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973 ni náírà dé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Tiwa bọ́ síra géérégé, kò sí 2.20371 kankan. Síbẹ̀ ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ ní Dùgbẹ̀ kò gbà. Náírà kan lójú wọn, ṣílè mẹ́wàá ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Tí oníbàárà bá ní «náírà mẹ́wàá», wọ́n á yíjú sí mi, mo sì ní láti sọ pé «pọ́n-ùn márùn-ún ni, màámi» kí wọ́n tó wọn èlùbọ́. Ṣé ẹ rí i, títí tí wọ́n fi kú, aago mélòó kan lẹ́yìn náírà ni wọ́n fi ń gbé.

Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé òyìnbó ṣì ń ṣírò owó àtijọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ọgbọ̀n ọdún tí báńkì wọn fi sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀. Ẹ rántí oṣù Kìíní àti ìkejì 2023 tiwa, bí a ṣe sùn sẹ́nu báńkì. Ẹ jẹ́ n dákẹ́ níbẹ̀.

Aláròyé | Sátidé, 3:41 ọ̀sán

Bàbá, ẹ má dákẹ́ o. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà fún ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà!

Jagun010 | Sátidé, 5:06 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kúuṣẹ́ bàbá. Àwọn orílẹ̀-èdè tó gba yúrò pàápàá kò ṣe é bákan náà. Jámánì kò fi gbèdéke kankan sí máàkì, owó wọn àtijọ́, o lè pààrọ̀ rẹ̀ títí ayé. Faransé ti ilẹ̀kùn tiwọn ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2012. Họ́láǹdì wà láàárín.

Àǹtí, kò sí ìjà o, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹ fẹ́ sọ pé yúrò ló sọ nǹkan di ọ̀wọ́n.

Àǹtí_Zuidoost | Sátidé, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ṣé èmi ni mo dá a sílẹ̀ ni? Ife kọfí tí mo ń mu gúlídà méjì, kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi di yúrò méjì. Ìwọ pín in sí méjì bí o ṣe fẹ́. Ilá tí mo ń rà ní Afrikaandermarkt nígbà tí mo bá wá sọ́dọ̀ yín ní Rotterdam, wọ́n kàn pa «ƒ», àmì gúlídà, rẹ́ lórí páálí, wọ́n fi «€» síbẹ̀. Mo fi ojú mi rí páálí yẹn, ìlà bírò dúdú ṣì hàn lábẹ́ ẹ̀.

Jagun010 | Sátidé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Páálí ilá yẹn, n kò bá yín jà lórí rẹ̀. Ilé oúnjẹ, onígbájámọ̀, kọfí, àwọn yẹn fò sókè lóòótọ́. Ohun tí a ń rà lójoojúmọ́ ni wọ́n, òun ló sì ń wà lórí ẹni. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tí ẹ rà lọ́dún náà, kọ̀ǹpútà, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ta ló rántí pé wọn kò gbówó lérí? Àwọn onílẹ̀ ní orúkọ fún un, gevoelsinflatie, ìyẹn ọ̀wọ́n-gógó inú ara. Nǹkan mìíràn sì wà tí àwọn èèyàn gbàgbé: ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2001, ọdún kan gbáko kí owó yúrò tó jáde, ni ìjọba gbé owó orí ọjà láti 17.5% sí 19%. Ọ̀wọ́n ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó wọlé. Àlejò ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú yín. Ní 2005, Henk Brouwer, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá DNB, là á mọ́lẹ̀ pé gúlídà wọ inú yúrò ní olówó pọ́ọ́kú, pé bí a bá fi wé máàkì Jámánì, wọ́n fi nǹkan bíi 5 sí 10% bù ú kù. Ìlú gbóná. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ni ìdìbò wáyé lórí ìwé òfin ìpìlẹ̀ Yúróòpù, 61.5% ló sọ pé rárá. Owó kọ́ ni wọ́n béèrè lórí ìwé ìdìbò, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ mi ní ibùdókọ̀ òkun, gúlídà nìkan la fi ọ̀sẹ̀ yẹn sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí ná. Àwọn tó ń sọkún pé wọ́n fi owó wọn àti òmìnira wọn tọrẹ, òmìnira wo? Láti 1983 ni wọ́n ti so gúlídà mọ́ máàkì. Tí Jámánì bá gbé èlé owó sókè, Wim Duisenberg tó jẹ́ ọ̀gá DNB náà á gbé tirẹ̀ sókè, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní pé. Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n sì fún un nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun náà ló wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún báńkì àpapọ̀ Yúróòpù ní 1998. Nínú báńkì tuntun yẹn, ó kéré tán, ará Họ́láǹdì ní àga lórí tábìlì. Ní ayé máàkì, fóònù lásán ni wọ́n ń gbọ́.

ỌmọAlákétu | Sátidé, 8:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Láti Cotonou ni mo ti ń kí yín.

Jagun, ọ̀rọ̀ rẹ gún mi nínú. Ẹ wá wo tiwa. CFA ni àwa ń ná ní Benin àti Togo, ẹ̀yìn owó Faransé ló sì ń rìn látọjọ́ tó ti wà títí yúrò fi dé. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa, Hollandais gidi, èyí tí ilé iṣẹ́ Vlisco ń tẹ̀ ní Helmond ní Họ́láǹdì. Ní oṣù Kìíní 1994, oorun ni a sùn tí a jí tí CFA ti pín sí méjì: owó Faransé kan tó jẹ́ 50 CFA di 100. Aṣọ tí ìyá mi ti gbà ní àwìn, tí wọ́n máa san gbèsè rẹ̀ ní owó òkèèrè, gbèsè náà di ìlọ́po méjì mọ́jú. Mo rántí pé wọ́n tò àwọn pẹ́ẹ̀sì sórí ẹní, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọn kò tà, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Àwọn Nana Benz, ìyẹn àwọn obìnrin oníṣòwò aṣọ ní Lomé, tí wọ́n ń fi mọ́tò Mercedes kó aṣọ, inú ọdún yẹn ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn yẹ̀.

Nígbà tí yúrò dé, wọ́n tú okùn kúrò lọ́rùn owó Faransé, wọ́n so ó mọ́ yúrò: 655.957 CFA fún yúrò kan. Bébà ọwọ́ wa kò yí padà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò rẹ̀ nísinsìnyí nítorí ìjíròrò yìí, gúlídà kan jẹ́ 297.66 CFA láti 1999. Ìyá mi tí kò mọ̀wé, 300 ni wọ́n máa ń pè é tí wọ́n bá ń bá àwọn ará Helmond dúnàádúrà. Ta ló sọ fún wọn?

Aláròyé | Sátidé, 8:29 alẹ́

Kí ẹ dúró de eco, owó tí wọ́n fẹ́ ká jọ máa ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. 2020 ni wọ́n ní ó ń bọ̀, ó ti di 2027. Kí ó tó dé, ìwọ náà á ti fi CFA sínú àpótí fún ọmọ rẹ.

ỌmọAlákétu | Sátidé, 8:34 alẹ́

Ẹnu rẹ yìí sá.

Alága_Ojúde | Sátidé, 8:50 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ eco kí ó ṣí ojúewé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ti owó Họ́láǹdì ni ká bá lọ níbí.

Ṣadé_Delft | Sátidé, 9:44 alẹ́

Mo ti lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ lórí bébà wọ̀nyí dípò iṣẹ́ àṣetiléwá mi.

Ẹni tó ya sunflower àti ilé iná yẹn, Oxenaar lorúkọ rẹ̀, Ootje ni wọ́n ń pè é. Alágídí ọkùnrin ni. Nígbà tó ń ya 1000 gúlídà tó ní orí Spinoza, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn àtijọ́, ó fi ìlà àtàǹpàkò ara rẹ̀ pamọ́ sínú irun Spinoza. Báńkì àpapọ̀ ń tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu! Ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé 250 yẹn síbi iná wò. Òjìji ohun tó wà nínú bébà kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú òkun.

Ti yúrò ńkọ́? Robert Kalina, ará Austria, ló ya bébà àkọ́kọ́ rẹ̀. Fèrèsé àti afárá ló yà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ya afárá tí kò sí níbikíbi láyé, kí orílẹ̀-èdè kankan má baà ní tòun ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Spijkenisse, ìlú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rotterdam, ló wá kọ́ gbogbo afárá méjèèje, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ bébà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi sọdá odò kékeré ní àdúgbò wọn. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Afárá yúrò 10 pupa, ewúrẹ́ kan ń jẹko lábẹ́ rẹ̀. Họ́láǹdì pàdánù gúlídà, wọ́n lọ fi ọgbọ́n gba gbogbo yúrò.

Jagun010 | Sátidé, 10:01 alẹ́

Mo ń gbé ìṣẹ́jú díẹ̀ síbẹ̀, n kò tíì lọ wò ó rí. Ìtìjú mú mi.

Nǹkan kan ṣoṣo kí n tó sùn. Gúlídà kò tíì parẹ́ pátápátá o. Curaçao àti Sint Maarten, àwọn erékùṣù tó ṣì wà lábẹ́ ọba Họ́láǹdì ní ẹ̀bá Amẹ́ríkà, gbé gúlídà tuntun jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2025, gúlídà Kàríbíánì. Nítorí náà bí ẹni tó ń ṣẹ́ owó bá wo íntánẹ́ẹ̀tì tó sì sọ iye gúlídà kan fún ọ, béèrè èwo nínú wọn. Ọdún 2002 ni wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó. Ó kó meier mẹ́fà bọ̀ láti ọkọ̀, ọkùnrin kan sọ fún un pé owó náà ti kú, ó fún un ní owó tí kò tó tọkọ̀ Ìbàdàn. Ọgbọ̀n ọdún ló kù fún owó náà láyé lọ́jọ́ tó gbé e fún un.

ỌmọÌjẹ̀bú | Àìkú, 7:55 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi.

Àǹtí Ṣadé, ehoro ni! Ehoro kan jókòó jẹ́ẹ́ sínú bébà ilé iná. Gbogbo ilé ti gbé e sójú bọ́ọ̀bù tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kékeré kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. A ti pinnu pé 250 yẹn kò lọ síbì kan, ẹ̀gbọ́n mi tó ti pín owó náà tán lọ́jọ́ Sátidé ló tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. 285 tó kù, ọmọ àbúrò bàbá mi tó wà ní Utrecht ń bọ̀ wálé nínú oṣù Kẹjọ, òun ni yóò bá wa gbé e lọ sí báńkì. Mo ti fi 2.20371 pín in: yúrò 129 àti sẹ́ǹtì 33.

Màmá ní òwìwí ni kó kọ́kọ́ kó kúrò nílé.

Àǹtí_Zuidoost | Àìkú, 12:20 ọ̀sán

Kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, kó sì ka ohun tí DNB kọ sórí ojú-òpó wọn kó tó lọ, wọ́n ní fọ́ọ̀mù. Kí ẹ fi páálí sáàárín bébà wọn kó má baà ká.

Owó ẹyọ inú agolo ńkọ́, kí lẹ ṣe sí i?

ỌmọÌjẹ̀bú | Àìkú, 12:31 ọ̀sán

Màmá yọ rijksdaalder kan níbẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, wọ́n fi dí ẹsẹ̀ tábìlì ìdáná tó ń mì. Ó wọ̀ ọ́ géérégé. Mo ti da ìyókù padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.